Èérún Tí Ń Di Ara Wọn Lọ́wọ́ Mú

 

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan mú ìgò omi kan wá sí kíláàsì wa. Irú ìgò ike tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń ta omi sínú rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ìgò náà ti ká jọ bí ewé tí oòrùn pa. Ìyá náà ní òun da ògì gbígbóná sínú rẹ̀ kí ọmọ òun lè gbé e lọ sí ilé-ìwé. Kí òun tó dé e, ìgò ti rọ̀, ó tẹ̀, ògì sì dà sí òun lẹ́sẹ̀. Ó bi mí pé: "Tíṣà, ike ni èyí, ike náà ni garawa tí mo fi ń pọn omi. Mo ti da omi gbígbóná sínú garawa rí, kò ṣe báyìí. Kí ló dé?"

N kò lè dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Mo ní kí ó fún mi ní àyè. Mo lọ wo ìwé, mo sì bi àwọn tó mọ̀ jù mí lọ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le. Ìgò omi yẹn, aṣọ pọ́lísítà tí àwọn aránṣọ àtijọ́ ń pè ní tẹ́rígáàlì, àwọ̀n apẹja, àti ìdìmú dúdú tó wà lára ìkòkò òyìnbó, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wáyé.

Eré ewé àti òkúta

Èérún kéékèèké ni a fi ṣe omi, ṣúgà, òróró àti ike. Èérún wọ̀nyí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn. Nínú wọn, a rí àwọn kan tó ní ọwọ́ méjì. Kì í ṣe ọwọ́ gidi o. Ibi tí èérún kan lè gbà so mọ́ èérún mìíràn ni mo ń pè ní ọwọ́. Bí èérún olọ́wọ́ méjì bá pọ̀, tí wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn yóò di ẹ̀wọ̀n gígùn. Ẹ̀wọ̀n gígùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní pólímà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe fi ṣeré ní kíláàsì. Mo pín akẹ́kọ̀ọ́ 20 sí ọ̀nà méjì. Mo fún àwọn 10 ní ewé, ewé kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ewé kan ní ọwọ́ òsì. Mo fún àwọn 10 yòókù ní òkúta wẹ́wẹ́, bákan náà ní ọwọ́ méjèèjì. Mo gbé igbá kan sí àárín yàrá. Òfin eré náà nìyí: ẹni ewé kò gbọdọ̀ di ẹni ewé mú, ẹni òkúta kò sì gbọdọ̀ di ẹni òkúta mú. Ewé àti òkúta nìkan ló lè fẹ́ ara wọn. (Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín gan-an nígbà tí mo sọ èyí.) Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mú nǹkan kò lè di ọwọ́ mìíràn mú. Nítorí náà, ẹni ewé á ju ewé kan sínú igbá, ẹni òkúta á ju òkúta kan sínú igbá, ìgbà náà ni ọwọ́ yóò pàdé ọwọ́.

Ewé kan àti òkúta kan tó bọ́ sínú igbá, ẹ pè wọ́n ní omi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ìkòkò ilé-iṣẹ́. Bí èérún méjì bá ti so pọ̀ báyìí, èérún omi kan á jáde láàárín wọn. Nígbà mìíràn, kì í ṣe omi ló ń jáde bí kò ṣe nǹkan kékeré mìíràn, ṣùgbọ́n omi ló wọ́pọ̀ jù.

Ẹ kíyè sí bí eré náà ṣe lọ. Kò sí ẹni tó dúró de ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sún mọ́ni ni a ń dì mú. Láìpẹ́, a rí àwọn ènìyàn ní méjì-méjì káàkiri yàrá. Lẹ́yìn náà, méjì so mọ́ méjì, wọ́n di mẹ́rin. Mẹ́ta so mọ́ mẹ́rin, wọ́n di méje. Kò dà bí ìgbà tí a ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tí a ń fi ẹyọ kan tẹ̀lé ẹyọ kan láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi gbogbo ni ìsopọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà kúkúrú ń so mọ́ ìlà kúkúrú.

Nísinsin yìí, ẹ mú lẹ́ẹ̀dì yín kí a jọ ṣírò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni 20 dá dúró, a kà wọ́n sí ìlà 20. Ìdìmú kọ̀ọ̀kan ń sọ ìlà méjì di ọ̀kan, nítorí náà ó ń dín iye ìlà kù ní 1. Lẹ́yìn ìdìmú 10, ìlà 10 ló kù. Bí a bá pín in dọ́gba, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹni 2. Lẹ́yìn ìdìmú 15, ìlà 5 ló kù, ẹni 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìdìmú 18, ìlà 2, ẹni 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdìmú kan péré tó tẹ̀lé e ló sọ 10 di 20.

Ṣé ẹ rí i? Ìdajì iṣẹ́ ti parí, síbẹ̀ ìlà kò gùn ju ẹni méjì lọ. Bí ẹ bá fi èérún 1000 ṣe é, lẹ́yìn ìdìmú 900, ìlà 100 ló kù, èérún 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní láti dé ìdìmú 990 kí ìlà kọ̀ọ̀kan tó ní 100. Ìparí iṣẹ́ ni ẹ̀wọ̀n ti ń gùn. Ẹni tó bá sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀, ohun tó máa rí kò ní lágbára. Á dà bí àtè tàbí ìda, kò ní ṣeé ran bí òwú.

Ẹni tó gbé igbá jáde

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ nínú eré wa tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Bàbá kan ní kíláàsì, ẹni tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sínú igbá, ó sì mú ewé rẹ̀ padà. Ẹnì kejì rẹ̀ náà mú òkúta. Ìlà tó ti gùn já sí méjì. Gbogbo kíláàsì pariwo mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni bàbá náà ṣe. Bí omi bá wà nítòsí, tí ooru sì wà, omi lè padà wọ àárín èérún méjì, kí ó sì tú wọn ká. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlà gùn, àfi kí ó gbé igbá jáde kúrò nínú yàrá.

Èyí ni ohun tó dí àwọn òyìnbó lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Wallace Carothers, ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ DuPont. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń so èérún pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wọn kì í gùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n wá rí i pé omi tó kù nínú ìkòkò ló ń dá ìsopọ̀ padà. Wọ́n ṣe ìkòkò kan tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi ojú tútù kan síbẹ̀ kí omi tó bá ń jáde lè lẹ̀ mọ́ ọn. Igbá ti jáde nìyẹn. Ní ọdún 1930, Julian Hill, tó ń bá Carothers ṣiṣẹ́, ki ọ̀pá bọ inú ohun yíyọ́ tó wà nínú ìkòkò náà. Nígbà tó fà á sókè, òwú tínrín tẹ̀lé ọ̀pá. Nígbà tí òwú náà tutù, ó tún ṣeé fà gùn sí i, bí ó sì ti ń gùn ni ó ń le sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé fífà náà ń to àwọn ẹ̀wọ̀n sí ojú kan, bí ìyàrí ṣe ń to irun.

Pọ́lísítà ni òwú ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Ó tètè ń yọ́, kò lè gba áyọ́ọ̀nù. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n mú èérún mìíràn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1935, wọ́n rí náílọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tí a fi náílọ́ọ̀nù ṣe káàkiri Amẹ́ríkà. Carothers kò rí ọjọ́ náà. Ó ti kú ní ọdún 1937.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ pọ́lísítà tún jí dìde. Ní ọdún 1941, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Whinfield àti Dickson pààrọ̀ ọ̀kan nínú èérún rẹ̀. Wọ́n lo ásíìdì kan tí ara rẹ̀ le, tí kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọwọ́ kejì ni glycol, omi kan tó nípọn, tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń pò mọ́ omi ọkọ̀ wọn kí ó má baà di yìnyín. Inú epo rọ̀bì ni a ti máa ń rí àwọn méjèèjì. Pọ́lísítà tuntun yìí kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 260 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Òun ló di tẹ́rígáàlì. Òun náà, láìsí àyípadà kan tó pọ̀, ló di ìgò omi ìyá wa ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ má rò pé inú epo rọ̀bì nìkan ni èérún olọ́wọ́ méjì ti ń wá. Ẹ mọ igi lárà, tó ń hù lẹ́bàá ilé, tí àwọn ìyá kan ń fi èso rẹ̀ ṣe ògìrì. Àwọn ọmọ Faransé ń fi òróró lárà ṣe náílọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ Rilsan. Èérún tirẹ̀ mú ewé ní ọwọ́ kan, ó mú òkúta ní ọwọ́ kejì, nítorí náà kò nílò ẹgbẹ́ méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ irú ara rẹ̀. Wọ́n ń fi í ṣe rọ́bà tí epo ń gbà kọjá nínú ọkọ̀.

Olọ́wọ́ kan àti olọ́wọ́ mẹ́ta

Bí mo bá fi akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣófo sínú eré, ibi tó bá ti di ènìyàn mú ni ìlà parí sí. Bí ewé bá sì pọ̀ ju òkúta lọ, láìpẹ́ gbogbo orí ìlà á di ewé, kò ní sí ẹni tí yóò dì wọ́n mú mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń wọn ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba, bí ẹni ń wọn wúrà.

Ṣùgbọ́n bí èérún kan bá ní ọwọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ìlà kò ní jẹ́ ìlà mọ́. Á ya ẹ̀ka, ẹ̀ka á so mọ́ ẹ̀ka, gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀n kan ṣoṣo. Ní ọdún 1907, Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀, ó pè é ní bákéláìtì. Ìdìmú dúdú ara ìkòkò ni ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wọ̀n tó dá dúró lè yọ̀ lórí ẹ̀wọ̀n kejì nígbà tí ooru bá mú un, nítorí náà ìgò omi àti aṣọ pọ́lísítà ń rọ̀, wọ́n sì ń yọ́. Àwọ̀n tó so pọ̀ ní gbogbo ọ̀nà kò ní ibi tí yóò yọ̀ gbà. Bákéláìtì kì í yọ́. Bí iná bá pọ̀ jù, ó ń jó di èédú ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa orúkọ. Ọ̀rá tí a fi ń di iyọ̀ àti àkàrà ní ọjà, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù rárá. Irú ike mìíràn ni, ọ̀nà tó gbà wáyé yàtọ̀, omi kì í jáde nínú ìsopọ̀ rẹ̀. Òun ni ìjọba Benin fi òfin dè ní ọdún 2017. Náílọ́ọ̀nù gidi wà nínú àwọ̀n apẹja, nínú okùn, àti nínú irun búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ eyín. Garawa ìyá wa náà kì í ṣe ọmọ ìyá ìgò omi. Ọ̀tọ̀ ni ike rẹ̀.

Ohun tí ìyá náà gbọ́

Mo dá ìyá náà lóhùn báyìí. Ìgò omi ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 75. Omi tó ń hó jẹ́ 100. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n fẹ́ ìgò náà bí ẹni fẹ́ fùkẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó tutù nígbà tí àwọn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ṣì nà tantan. Nígbà tí ògì gbígbóná débẹ̀, ẹ̀wọ̀n rántí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́, ó sún kì. Nítorí náà, ẹ má da ògì gbígbóná, tíì gbígbóná tàbí epo pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tutù ná, tàbí kí ẹ lo fíláàsì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó burú ju ti ògì lọ. Àwọn alọ́ṣẹ àti aláró wa ń lo sódà líle. Mo ti rí i tí wọ́n ń pọn ọ́n sínú ìgò omi. Ẹ rántí bàbá tó mú ewé rẹ̀ padà. Sódà líle máa ń ran omi lọ́wọ́ láti tú ìdìmú pọ́lísítà ká, pàápàá bí ó bá gbóná. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ lò ó láti jẹ òwú pọ́lísítà kí ó lè tínrín. Bí ó bá pẹ́ nínú ìgò, ara ìgò á máa jẹ, á sì lè jò. Èyí tó wá burú jù ni pé ojú rẹ̀ dà bí omi. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní bi yín kí ó tó gbé e sẹ́nu, sódà líle sì ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ wá bídọ́ọ̀nù mìíràn fún un, tí kò jọ ohun mímu, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá omi lè tú ẹ̀wọ̀n ká lóòótọ́? Ẹ fi ẹ̀kọ sẹ́nu, ẹ jẹ ẹ́ pẹ́, ẹ má tètè gbé e mì. Yóò máa dùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ṣúgà ni àgbàdo. Igi àgbàdo ti so ṣúgà pọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, omi sì ti jáde láàárín wọn. Itọ́ yín ló ń dá omi padà, tó ń tú ṣúgà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyá bá jẹ́ kí àgbàdo hù kí wọ́n tó fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, iṣẹ́ kan náà ni àgbàdo tó hù ń ṣe.

Iná àti aṣọ

Gbogbo wa la mọ bí epo kpayo ṣe ń gba ọ̀nà wa kọjá. Àwọn kan nínú yín ń tà á, oúnjẹ ilé wọn ni, n kò sì wá síbí láti bá wọn jà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo yìí pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ènìyàn tó lé ní 30 sì kú. Ẹni tó ń tú epo, ẹni tó ń dín àkàrà, ẹni tó ń jó ẹran lójú iná, ó yẹ kí ó mọ ohun tó wọ̀.

Aṣọ òwú ń jó, ó tilẹ̀ ń yára jó. Ṣùgbọ́n kì í yọ́, eérú ni ó ń dà. Pọ́lísítà àti náílọ́ọ̀nù ń yọ́ kí wọ́n tó jó. Ohun yíyọ́ náà á lẹ̀ mọ́ ara bí àtè gbígbóná, á sì máa jó ẹran ara lọ. Bí iná bá ti kú, ẹ má fa aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ ara. Awọ ara ni yóò bá a jáde. Ẹ da omi tútù sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí omi máa ṣàn lórí rẹ̀. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ gé aṣọ tó kù yí ibẹ̀ ká, ẹ fi ibi tó lẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Bí aṣọ tí ẹ fẹ́ rà kò bá ní orúkọ lára, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kí ó fún yín ní òwú kan láti etí rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí epo, ẹ fi irin kékeré dì í mú, kí ẹ sì ṣá ìṣáná sí i. Bí ó bá jó wérewére, tó ń rùn bí ìwé tó jó, tí eérú rẹ̀ sì rọ̀, òwú ni. Bí ó bá sá sẹ́yìn fún iná, tó ká jọ, tó sì di kókó líle nígbà tó tutù, pọ́lísítà tàbí náílọ́ọ̀nù ni. Bí ẹ bá rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, eérú àti kókó, a jẹ́ pé wọ́n ran méjèèjì pọ̀ ni. Àwọn aláró ní ọ̀nà tiwọn tí kò gba iná rárá: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró ẹlú, òwú á mu aró, pọ́lísítà kò ní mu ún.